Iná Lésà Aláwọ̀ Ewé: Ìmọ́lẹ̀ Tí Ẹ Ń Rí Àti Èyí Tó Fara Pamọ́ Sẹ́yìn Rẹ̀

Ọmọ àbúrò mi ló mú un wá sílé mi. Ohun kan dúdú tó dà bíi bírò, bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀. Ó ní, "Dádì Tólú, ẹ wo iná yìí." Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́. Iná aláwọ̀ ewé gba ojú fèrèsé jáde, ó lọ balẹ̀ sára táǹkì omi ilé kẹta. Ó ní ọwọ́ àwọn tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lòun ti rà á, àti pé ẹni tó tà á fún òun sọ pé ó lè dé òṣùpá. Ti òṣùpá yẹn, ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá o.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ayọ̀ ọmọ jẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bírò yẹn, ohun kan náà ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta ṣe ní Amẹ́ríkà: wọ́n ń mú ìmọ́lẹ̀ lésà kan, wọ́n ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà sí òmíràn. Iná aláwọ̀ ewé tí ọmọ náà ń rí kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ yẹn kọ́kọ́ ṣe. Òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú kò lè rí, òun sì lèmi ń bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ yín ló ní irú bírò yìí nílé. Olùkọ́ ń fi tọ́ka sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ ń fi lé ológbò kiri, DJ sì ń tan irú rẹ̀ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lóde àríyá. Torí náà, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọ̀ jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìgbì, bí omi ọ̀sà ṣe ń ru sókè tó ń wálẹ̀. Bí ìgbì náà ṣe gùn tó ló ń sọ àwọ̀ tí ojú wa máa rí. Nanomítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ẹ pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nanomítà. Pupa máa ń wà ní nǹkan bí 650, àwọ̀ ewé ní nǹkan bí 530, búlúù ní nǹkan bí 450. Tó bá ti kọjá 700 dáadáa, ojú kò rí i mọ́, infrared nìyẹn. Iná tó ń jáde lẹ́nu rìmóòtù tẹlifíṣàn yín, infrared ni. Tó bá sì kéré sí 400, ojú kò tún rí i, ultraviolet nìyẹn, èyí tó wà nínú oòrùn. Bí ìgbì bá ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mì kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pọ̀ tó. Iye ìgbà tó ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń pè ní frequency, ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ rédíò.

Wàhálà tó wà nínú lésà ni pé kò sí ẹni tó kàn lè sọ pé àwọ̀ báyìí ni mo fẹ́. Ohun èlò tí wọ́n fi ṣe é ló ń yan àwọ̀ fún un. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn jù nínú àwọn lésà alágbára ni kírísítálì tàbí gíláàsì tí wọ́n fi neodymium díẹ̀ sí. Ó lágbára, ó ń pẹ́, owó rẹ̀ kò sì gani lára bíi ti àwọn míì. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára rẹ̀ jẹ́ 1064 nanomítà tàbí kó fara pẹ́ ẹ. Infrared ni. Ẹ kò lè rí i. Bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè fi gíláàsì aláwọ̀ ewé bò ó kó di àwọ̀ ewé, torí pé irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ kì í dá àwọ̀ kankan sílẹ̀, ó kàn ń yọ àwọn tó kù kúrò ni. Infrared kò sì ní àwọ̀ ewé nínú tí èèyàn máa yọ jáde.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹ rántí sípíkà òde àríyá. Nígbà tí DJ bá yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó bá fi sí i náà ló ń tibẹ̀ jáde. Àmọ́ tó bá di agogo méjì òru, tí ara ti yá gágá, tó yí i dé òpin, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn tí kò sí nínú àwo orin náà rárá. Ohùn tuntun yẹn kì í ṣe ariwo lásán. Tí ẹni tó mọ̀ nípa ohùn bá yẹ̀ ẹ́ wò, á rí i pé apá kan ń mì ní ìlọ́po méjì ohùn àkọ́kọ́, apá kan ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìlọ́po méjì yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n: tí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ ń kọ orin kan náà, tí ohùn wọn bára mu ṣùgbọ́n ti obìnrin wà lókè, ìlọ́po méjì ni ti obìnrin sábà máa ń mì.

Bí kírísítálì kan ṣe ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ máa ń mi àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ohunkóhun tó bá gbà kọjá. Iná tọ́ọ̀ṣì tàbí oòrùn ń mì wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á sì dá ohun tí wọ́n gbà padà bó ṣe wà. Lésà alágbára kò fẹ̀sọ̀ mì wọ́n. Ó ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì débi pé wọn kò lè tẹ̀ lé e géérégé mọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìmọ́lẹ̀ tuntun jáde tó ń mì ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Tí ìmì bá di ìlọ́po méjì, gígùn ìgbì á di ìdajì. Ẹ pín 1064 sí méjì: 532. Àwọ̀ ewé dé nìyẹn. Lójú àwọn onífísíìsì, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ infrared méjì ló para pọ̀ di ẹyọ aláwọ̀ ewé kan, agbára àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹyọ kan náà.

Ohun èlò tó ń hu irú ìwà yìí ni wọ́n ń pè ní nonlinear. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó ń jáde kì í bá ohun tó wọlé pọ̀ sí i ní déédéé. Tí ẹ bá sọ infrared tó wọlé di ìlọ́po méjì, àwọ̀ ewé tó ń jáde á di ìlọ́po mẹ́rin, ó kéré tán níbẹ̀rẹ̀, kí infrared náà tó máa tán lọ. Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi jẹ́ ti lésà alágbára nìyẹn. Kì í sì í ṣe gbogbo kírísítálì ló lè ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ìtò átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Iyọ̀ ọbẹ̀, tí òun náà jẹ́ kírísítálì, kò lè ṣe é.

Oṣù karùn-ún ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ láyé, ní Malibu, ní Kalifóníà. Ruby, òkúta pupa yẹn, ló lò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Peter Franken àti àwọn mẹ́ta míì ní Yunifásítì Michigan rán lésà ruby, 694 nanomítà, gba inú kírísítálì quartz kọjá. Wọ́n rí àmì kékeré kan ní 347, nínú ultraviolet. Ìdajì gẹ́lẹ́. Àmì náà ṣe bàìbàì gan-an. Ìtàn tí gbogbo onífísíìsì máa ń sọ ni pé nígbà tí Physical Review Letters fẹ́ tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1961, àwọn tó ń tọ́jú àwòrán rò pé ìdọ̀tí ló bọ́ sí i, ni wọ́n bá nù ún kúrò. Ìwé náà jáde pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka síbi tí kò sí nǹkan kan. Èmi tí olóòtú kan ti gé ìpínrọ̀ tó dáa jù nínú ìròyìn mi rí, mo mọ bó ṣe máa ń dunni.

Kí ló dé tí àmì Franken fi kéré bẹ́ẹ̀? Ẹ wo dánfó tí kò fẹ́ stáàtì. Èèyàn mẹ́fà bọ́ sílẹ̀ láti tì í. Tí kọ̀ndọ́ bá ń ké "ó yá!" tí gbogbo wọn sì jọ ń tì í lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á rìn. Tí àwọn mẹ́ta bá ń tì síwájú, tí mẹ́ta ń tì sẹ́yìn, wọ́n á kàn làágùn lásán ni. Gbogbo ibi tí infrared bá dé nínú kírísítálì ló ti ń dá àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kì í yára tó infrared nínú kírísítálì. Nígbà tí infrared bá fi máa dé iwájú láti dá òmíràn sílẹ̀, èyí tó ti dá sílẹ̀ lẹ́yìn kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu mọ́. Ọ̀kan ń ru sókè, èkejì ń wálẹ̀, wọ́n á sì pa ara wọn. Nínú quartz, kò tiẹ̀ dé mílímítà kan kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún 1962, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ní Bell Labs, èkejì ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford, rí ọgbọ́n kan dá sí i. Àwọn kírísítálì kan wà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn nínú wọn ní eré méjì, ìhà tí ìgbì náà bá ń mì sí ló ń sọ èyí tó máa jẹ́. Tí ẹ bá gé irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ ní igun tó tọ́, infrared á máa lo eré kan, àwọ̀ ewé á máa lo èkejì, eré méjèèjì á sì dọ́gba. Gbogbo èèyàn á wá jọ máa ti dánfó síbì kan náà. Igun yẹn kò gba àṣìṣe. Ooru náà lè bà á jẹ́, torí pé ó máa ń yí eré ìmọ́lẹ̀ nínú kírísítálì padà. Díẹ̀ lára ìdí tí iná bírò yín fi máa ń dín kù tí òtútù bá mú un tàbí tó bá gbóná jù nìyẹn.

Kírísítálì tí wọ́n lò nígbà náà ni KDP. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Pòtásíọ̀mù àti fọ́sífétì ló wà nínú rẹ̀, èròjà kan náà tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣe ajílẹ̀. Inú omi ni wọ́n ti ń mú un hù, bí iyọ̀ ṣe máa ń dì nínú omi tó bá ń gbẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni KTP dé, èyí tó wà nínú bírò ọmọ àbúrò mi. Láwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà ní ìlú Fuzhou, tí Chen Chuangtian ń darí, gbé BBO àti LBO jáde, gbogbo ayé sì ń rà á títí dòní. Àwọn ará Ṣáínà náà ló ni KBBF, èyí tó lè mú ìmọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ 200 nanomítà tààrà. Nígbà tó fi máa di 2009, wọ́n ti dáwọ́ títà á sílẹ̀ òkèèrè dúró. Àwọn ilé ìwádìí Amẹ́ríkà tó ń lò ó kàn ṣẹ́wọ́ ni. Àwa tá a rò pé orí epo rọ̀bì nìkan ni orílẹ̀-èdè ti ń fi nǹkan du ara wọn, ẹ tún inú rò.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti tóbi jù ni National Ignition Facility, ní Livermore, ní Kalifóníà. Wọ́n fẹ́ mú kí átọ́ọ̀mù háídírójìn lẹ̀ pọ̀ bó ṣe ń lẹ̀ pọ̀ nínú oòrùn, lésà ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe é. Láwọn ọdún 1970, wọ́n ní lésà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Shiva, ogún ìtànṣán, infrared pọ́ńbélé. Ó já wọn kulẹ̀. Infrared tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ máa ń sọ àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan di òkò, wọ́n á sáré wọnú háídírójìn, wọ́n á mú un gbóná kí wọ́n tó fún un pọ̀ tán. Bíi kí iyán tutù kí ọbẹ̀ tó jiná, gbogbo làálàá á di asán. Ultraviolet kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń wọlé dáadáa jù. Ṣùgbọ́n kò sí ohun èlò tó lè ṣe lésà ultraviolet tó tóbi tó ohun tí wọ́n ń wá. Gíláàsì neodymium ló wà nílẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n pa àwọ̀ rẹ̀ dà.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Ìtànṣán 192 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní 1053 nanomítà. Kírísítálì KDP àkọ́kọ́ á sọ apá kan rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ìkejì á da àwọ̀ ewé yẹn pọ̀ mọ́ infrared tó ṣẹ́kù, ìyẹn á di ìlọ́po mẹ́ta, 351 nanomítà, ultraviolet. Ẹyọ kírísítálì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà níhà méjèèjì, ó sì fi nǹkan díẹ̀ nípọn ju ìka lásán lọ tàbí kó má tiẹ̀ tó o. Láyé àtijọ́, ó lè gba ọdún méjì kí òkúta KDP tó lè fún wọn ní irú pẹlẹbẹ yẹn tó hù tán. Ọgbọ́n kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n wá tún ṣe ní Livermore, ló sọ ọ́ di nǹkan bí oṣù méjì, òkúta kan sì lè wúwo ju 300 kílò lọ.

Ní December 5, 2022, ìtànṣán 192 yẹn wọnú kọ̀ǹgọ́ kékeré kan tí wọ́n fi wúrà tẹ́ nínú, níbi tí wọ́n gbé háídírójìn sí nínú ohun tí kò ju hóró iyèré lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé jẹ́ 2.05 megajoule, agbára tó jáde látinú háídírójìn jẹ́ 3.15. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé tí èrè máa ju owó ọjà lọ. Ẹ má tíì jó o. Iná tí wọ́n fà láti fi tan àwọn lésà náà tó nǹkan bí 300 megajoule.

Tó bá dé ara tiwa ńkọ́?

Àwọn tó ya tátù sára nígbà tí wọ́n wà ní 200 level tí wọ́n wá fẹ́ pa á rẹ́ báyìí, ẹ tẹ́tí. Oríṣi ẹ̀rọ kan tí wọ́n sábà ń fi ṣe é ni lésà neodymium yìí kan náà. Wọ́n ń lo 1064 fún yíǹkì dúdú. Tó bá kan yíǹkì pupa, wọ́n á ti kírísítálì sójú ọ̀nà rẹ̀, á di 532. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èròjà tó sọ awọ ara wa di dúdú máa ń gba 532 mọ́ra ju 1064 lọ. Iná tó yẹ kó lọ bá yíǹkì á kọ́kọ́ dúró lójú awọ, ó sì lè jó o tàbí kó fi àpá funfun síbẹ̀. Fún aláwọ̀ dúdú, 1064 ló fararọ jù. Torí náà, kí ẹ tó tẹ́ ara sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í: "Nanomítà mélòó lẹ fẹ́ lò fún mi?" Tó bá ń wojú yín bí ẹni pé èdè Ṣáínà lẹ sọ, ẹ gbé báàgì yín.

Àwọn bàbá wa náà ń jàǹfààní rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gba àwọ̀ ewé mọ́ra gan-an, torí náà àwọn dókítà ń lo 532 láti fi yọ́ ẹran tó wú nínú prostate kúrò, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dà.

Ó ku ọ̀rọ̀ bírò. Nínú rẹ̀, ohun kékeré kan ló kọ́kọ́ ń tan infrared 808 nanomítà. Ìyẹn á wọnú kírísítálì neodymium tí kò tó hóró ìrẹsì, á di 1064. 1064 á wọnú KTP, apá kan rẹ̀ á di 532. Apá kan ni mo wí. 808 tó ṣẹ́kù àti 1064 tó ṣẹ́kù wà níbẹ̀, wọ́n sì ń bá àwọ̀ ewé bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Ó yẹ kí gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu bírò tó máa dá wọn dúró. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ní pọ́ọ́kú máa ń yọ gíláàsì yẹn sílẹ̀, torí pé kò sí oníbàárà tó máa mọ̀.

Tí iná tó ń tàn yòò bá wọ̀ yín lójú, ojú á ṣẹ́ kíá, orí á yí kúrò. Ààbò tí Ọlọ́run dá mọ́ wa nìyẹn. Ojú kì í ṣẹ́ fún ohun tí kò rí. Infrared yìí á gba ẹyinjú kọjá, lẹ́ǹsì ojú á fún un pọ̀ sójú kan ṣoṣo lórí retina, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán, á jó o. Retina kò ní ìmọ̀lára ìrora. Èèyàn lè má mọ̀ títí tó fi máa rí i pé ibì kan ti ṣókùnkùn nínú ohun tó ń wò.

NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, ra irú bírò yìí mẹ́ta ní 2009. 10 miliwáàtì ni wọ́n polówó pé agbára wọn jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, àwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, bíi pé kò lágbára, àmọ́ infrared tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 miliwáàtì. Ẹ wò ó dáadáa: èyí tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ ló burú jù, torí pé kírísítálì rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe. Ní 2013, àjọ kan náà sọ pé àwọn yẹ 122 wò. Nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn aláwọ̀ ewé ni kò bá òfin Amẹ́ríkà mu. 5 miliwáàtì ni òfin náà fàyè gbà.

Àwọn ará NIST náà ṣàlàyé àyẹ̀wò tí èèyàn lè ṣe nílé, mo sì pe ọmọ náà ká jọ ṣe é. Kámẹ́rà tó lè rí infrared ni ẹ kọ́kọ́ nílò. Ẹ kọjú rìmóòtù tẹlifíṣàn sí kámẹ́rà iwájú fóònù yín, ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí iná bá hàn lójú fóònù tí ojú yín kò rí, kámẹ́rà yẹn dáa. A gbé CD àtijọ́ kan sórí tábìlì, a so bírò náà mọ́lẹ̀ kó má baà yí, a sì jẹ́ kí iná rẹ̀ ta láti ara CD sórí bébà funfun lára ògiri. A dúró sẹ́yìn bírò náà, ẹnì kankan kò wo CD. Àwọn ìlà tín-ín-rín inú CD máa ń pín àwọ̀ níyà, ìgbì tó bá gùn jù á lọ síbi tó jìnnà jù.

Ojú wa rí àmì aláwọ̀ ewé tó tẹ̀ léra lórí bébà. Ọmọ náà gbé fóònù sókè, ó ní, "Dádì Tólú, òmíràn wà láàárín." Òótọ́ ni. Láàárín àmì ewé àkọ́kọ́ àti ìkejì, àmì kan wà lójú fóònù tí kò sí lórí bébà. 808 nìyẹn. Ó wá bi mí pé ibo ni 1064 wà. Mo ní kó ṣírò ó: ìlọ́po méjì 532 ni 1064, torí náà, orí àmì ewé kejì gan-an ló máa bọ́ sí. Ó sá pamọ́ sábẹ́ àwọ̀ tí wọ́n fi òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Mo yọ bátìrì inú bírò náà. Rìmóòtù ilé wa ló ń lò ó báyìí.